Eré Ọba Mẹ́ta tí ó ti Òṣogbo Wá

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Dúró Ládiípọ̀, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n sí Ṣàngó, ẹni tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀ lórí ìtàgé. Díẹ̀ nínú yín ni ó mọ̀ pé ọmọ katikíìsì ni. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ kan náà ni a ń ṣe pẹ̀lú baba rẹ̀, nítorí náà kò ṣòro fún wa láti fi ojú inú wo bí ọ̀ràn náà yóò ti rí nínú ilé àgbàlagbà náà. Ìtàn tí a fẹ́ sọ níhìn-ín ni ti eré mẹ́ta tí ẹgbẹ́ kékeré kan ṣe láàrin ọdún 1962 àti 1964: Ọba Mọ́rọ̀, Ọba Kò So, àti Ọba Wàjà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń pe àwọn ènìyàn jọ láti wo ẹ̀tàn àti ìtìjú àti ikú nínú ààfin, àwọn ènìyàn sì ń wá.

Kí á tó dé Òṣogbo, ó yẹ kí á rántí pé ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn ni eré orí ìtàgé ti Yorùbá ti ìgbà ọ̀làjú ti hù jáde. Ní ọdún 1904 ni Ẹgbẹ́ Ifẹ̀ ṣe eré Ọba Ẹléjìgbò àti ọmọ ọba Abẹ́jẹ́ ní Èkó, iṣẹ́ ọwọ́ D. O. Oyèdélé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, Hubert Ògúndé gbé ìtàn ọgbà Édẹ́nì jáde ní Glover Memorial Hall, kí a bàa lè rí owó kọ́ ilé ìjọsìn fún ìjọ kan ní Ẹbúté Mẹ́ta. Kò pẹ́ tí Ògúndé fi yí ojú sí ọ̀ràn ìlú. Ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1945 ni ó sọ di eré, ìjọba sì fi òfin dè é ní Jos ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ inú eré rẹ̀ ti wù kí ó le tó, orin àti ijó amóríyá ni ó fi ń ṣí i, òun kan náà ni ó sì fi ń pa á dé, kí ẹni tí ó san owó má baà gbé ìbànújẹ́ lọ sùn. A kò bá a wí. Oúnjẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ládiípọ̀ gba ọ̀nà mìíràn.

Orúkọ rẹ̀ pàápàá, orúkọ àbíkú ni. Àwọn òbí rẹ̀ ti sin ọmọ kí wọ́n tó bí i, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Ó dàgbà, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé, ó gbé ilẹ̀ Hausa fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà sí Òṣogbo. Ní ọdún 1961 ó ṣe àkójọ orin kan fún Ọjọ́ Àjíǹde Olúwa, ó sì mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú ilé ìjọsìn láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ bínú. Wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà kò gbọdọ̀ dún níbi tí a ti ń sin Ọlọ́run.

Kí á má ṣe yára dá àwọn àgbà náà lẹ́bi. Ẹni tí ó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ pé ìlù kì í ṣe igi àti awọ lásán. Bàtá ní ẹni tí ó ni ín, ìgbìn ní ẹni tí ó ni ín, ohùn ìlù a sì máa pe orúkọ. Àgbàlagbà tí ó ti fi ojúbọ Ṣàngó sílẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì torí bẹ́ẹ̀ kọ̀ ọ́, bí ó bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó lè rò pé ohun tí òun sá fún ni ó gba ojú fèrèsé wọlé tọ òun wá. Síbẹ̀, wọ́n ṣe àṣìṣe. Wọn kò ya ìlù sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fi ìlù náà sọ. Àwa fúnra wa ti jókòó nínú ìpàdé kan tí a fi ọ̀ràn gángan ṣe àríyànjiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, a sì dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí á sọ̀rọ̀. Nítorí náà a kò ní ẹnu láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ìlẹ̀kùn ni ẹlòmíràn ti ṣí i. Ulli Beier, ará Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ń gbé ní Òṣogbo nígbà náà. Òun ni ó mú Ládiípọ̀ lọ ṣe orin Kérésìmesì rẹ̀ ní ilé ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn ní òpin ọdún 1961 kan náà. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, Chinua Achebe ni ó mú un wá; ilé amọ̀ tí a fi ère kún, tí a kọ́ láti bu ọlá fún òrìṣà ilẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ládiípọ̀ padà délé, ó fẹ́ irú rẹ̀ ní Òṣogbo. Ó ní ilé ọtí kan tí ń jẹ́ Popular Bar. (Ọmọ katikíìsì, ilé ọtí! Ẹ má bi wá léèrè.) Ilé ọtí náà ni wọ́n sọ di ilé eré àti ilé àwòrán ní oṣù kẹta ọdún 1962. Àwọn ará Òṣogbo kò mọ ohun tí Mbari túmọ̀ sí, wọn kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn; etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ, wọ́n sì pè é ní Mbárí Mbáyọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn sọ pé, bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Orúkọ náà ni ó mọ́ ọn lórí.

Eré tí wọ́n fi ṣí ilé náà ni Ọba Mọ́rọ̀. Ìtàn rẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní Ọ̀yọ́. Johnson parí ìwé náà ní ọdún 1897. A fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù síbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901, Dókítà Obadiah Johnson, arákùnrin rẹ̀, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù sílé, ìwé náà sì jáde ní 1921, nígbà tí Obadiah pàápàá ti kú. Bí kò bá sí ti àlùfáà yìí, púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ìtàn Ọ̀yọ́ lónìí ni ì bá ti bá àwọn arọ́kin lọ. Ó yẹ kí àwọn tí ó rò pé Kìkì ìparun ni ìsìn Kristi mú bá ìtàn wa rántí èyí, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí àwa náà rántí ọ̀ràn ìlù.

Àwọn Ọ̀yọ́ ti wà ní Ìgbòho láti ìgbà tí ogun Tápà ti lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ọba Abípa pinnu pé kí wọ́n padà sílé àwọn baba wọn. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Ilé wọn àti oko wọn wà ní Ìgbòho. Wọn kò lè wí fún ọba pé rárá, nítorí náà wọ́n kó àwọn abuké, àwọn arọ, àwọn àfín àti àwọn mìíràn tí ara wọn yàtọ̀ jọ, wọ́n rán wọn lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé láti máa rìn káàkiri lórí òkè ní òru pẹ̀lú iná lọ́wọ́, kí àwọn ìránṣẹ́ ọba bàa lè rò pé ọ̀rọ̀ ti gba ìlú. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọba rán àwọn ọdẹ, wọ́n sì mú àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé ènìyàn ni wọ́n. Ibẹ̀ ni a ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀. Ẹ̀rín wà nínú ìtàn yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń sọ ọ́ fún ẹ̀rín. Nígbà tí a tún un kà, ẹ̀rín wa kò pẹ́. Àwọn ìjòyè tí wọ́n wọ aṣọ ńlá jókòó sílé, àwọn tí wọ́n rán sí òru àti sí ọfà ọdẹ ni àwọn tí ìlú ti ń yẹra fún tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìrísí wọn wúlò fún irọ́.

Ní ọdún 1963, fún àjọ̀dún kìn-ín-ní Mbárí Mbáyọ̀, wọ́n ṣe Ọba Kò So. Nínú ìwé Johnson, ìgbà Ọba Kórì ni ìtàn Tìmì àti Gbọ̀nkáà wà, ó sì jìnnà sí ìgbà Ṣàngó. Ládiípọ̀ fi ti Johnson sílẹ̀ níhìn-ín, ó mú ìtàn méjèèjì, ó so wọ́n pọ̀. Òpìtàn lè kọminú sí èyí. Àwa náà kọminú ní àkọ́kà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó rí gbà nínú rẹ̀. Nínú ìwé Johnson, Ṣàngó dán oògùn wò, àrá já lu ààfin, àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kú, ìbànújẹ́ sì gbé e lọ. Nínú eré, jàgídíjàgan ni Ṣàngó wà pẹ̀lú àwọn akọni tirẹ̀. Ogun ti sú àwọn ará ìlú, wọ́n wá bẹ ọba. Ọba kò lè dá Tìmì àti Gbọ̀nkáà dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jẹ́ kí ìlú rí i pé kò lè dá wọn dúró. Nítorí náà ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ó sì rán Gbọ̀nkáà tẹ̀ lé e, ó ń retí kí ọ̀kan pa èkejì fún òun. Gbọ̀nkáà fi ọfọ̀ mú Tìmì sùn, ó mú un wálé láàyè. Ọba ní kí wọ́n tún jà. Gbọ̀nkáà mọ ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó wọ inú iná, iná kò jó o. Ó pa Tìmì, ó sì kọjú sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Nínú ìbínú ni Ṣàngó fi tú iná sí àwọn ènìyàn tirẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, òkú ni ó yí i ká. Àwọn ìránṣẹ́ fi í sílẹ̀, Ọya pàápàá padà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ku òun nìkan ní ọ̀nà Tápà, níbi tí ìyá rẹ̀ ti wá.

Ládiípọ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó, ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún sì ni Ọya. Ó ti lọ jókòó ti àwọn àgbà tí ó mọ oríkì, ó kọ́ ọ lẹ́nu wọn, kò kọ́ ọ láti inú ìwé. Bàtá tí ìjọ ń bẹ̀rù wá wà níbi tí ó yẹ kí ó wà. A ní láti sọ pẹ̀lú pé Tìmì tí ó wà lórí ìtẹ́ Ẹdẹ ní ọdún wọ̀nyẹn, Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, Kristẹni ni, kò sì sí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù jù ú lọ nínú àwọn ọba ìgbà rẹ̀. Ìran Tìmì tí wọ́n ń pa lórí ìtàgé ni òun fúnra rẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí ó wo eré náà nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé. Ó sọ fún wa pé nígbà tí Ṣàngó so, tí ìlù sì dákẹ́, òun gbọ́ ẹkún àwọn obìnrin lẹ́yìn òun, òun náà sì ń sunkún. Ó ní, “Ẹ̀rù bà mí, bàbá ìjọ. Wọ́n ti kọ́ wa pé òrìṣà ni Ṣàngó, pé ká má bọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ènìyàn ni, pé ó ṣe ohun tí kò lè tún ṣe mọ́.” A ti ronú sí ọ̀rọ̀ ìyá yìí ju bí a ti ronú sí ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ. Ọba ò so, ni àwọn tí ó kù ń ké. Igbe náà jẹ́ irọ́ lójú ẹni tí ó wo igi, ó sì jẹ́ ìfẹ́ lójú ẹni tí ó wo ẹnu tí ó ń ké e.

Ẹ̀kẹta ni ó sún mọ́ wa jù, òun ni ó sì ṣòro fún wa jù láti kọ nípa rẹ̀. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù gorí ìtẹ́ ní 1911, ó sì wàjà ní oṣù kejìlá ọdún 1944. Olókùn Ẹṣin rẹ̀, tí ń jẹ́ Jínádù, ni ẹni tí àṣà sọ pé kí ó bá ọba lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945 ó wọ aṣọ funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jó káàkiri ìgboro Ọ̀yọ́ gẹ́gẹ́ bí abọ́bakú ti ń ṣe. Aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Ọ̀yọ́ dá a dúró, ó sì mú un. Nígbà náà ni ọmọ Jínádù tí ó kéré jù, Múránà, pa ara rẹ̀ dípò baba rẹ̀.

Ọdún 1964 ni Ládiípọ̀ sọ ọ̀ràn yìí di eré. Kò tíì pé ogún ọdún! Àwọn tí ó rí Jínádù ní aṣọ funfun ṣì ń ná ọjà. Ó yí ọ̀rọ̀ náà padà díẹ̀: ọmọ tí ó pè ní Dáwódù ń ṣòwò ní Gold Coast, ó gbọ́ pé ọba wàjà, ó wálé láti sin baba rẹ̀, ó sì bá baba láàyè. Ìtìjú náà wúwo fún un, ó pa ara rẹ̀. Nígbà tí baba rí òkú ọmọ, òun náà tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni aláṣẹ tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí kan là ṣe di ẹni tí a ka òkú méjì sí lọ́rùn. Wọlé Ṣóyínká náà kọ eré lórí ọ̀ràn yìí, ìwé rẹ̀ jáde ní 1975, ayé sì mọ ti Ṣóyínká jù. Ó sọ ọmọ náà di ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ìlú Òyìnbó. Ti Ládiípọ̀ ni ó kọ́kọ́ wà, ní èdè àwọn tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ sí.

Níhìn-ín ni àwa àti eré náà kò ti lè fi gbogbo ara fohùn ṣọ̀kan. A kò lè sọ pé ó yẹ kí Jínádù kú. Iṣẹ́ wa kò gbà wá láàyè, ọkàn wa kò sì gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé àṣà náà kò ṣeé yí padà, ẹni náà kò ka ìtàn Ọ̀yọ́. Ní àtijọ́, Àrẹ̀mọ a máa bá ọba kú. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù ọmọ rẹ̀ kò kú, ó jọba. Àwọn Ọ̀yọ́ fúnra wọn ni wọ́n ṣe àyípadà yìí, kò sí Òyìnbó kan tí ó pa á láṣẹ. Kurunmí ti Ìjàyè kọ̀, ó ní òun kò ní wárí fún irú ọba bẹ́ẹ̀, ogun sì bẹ́. Ìjàyè fọ́ ní 1862, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé kí Mbárí Mbáyọ̀ tó ṣí. Nítorí náà, ìyípadà láti inú ilé pẹ̀lú ní ẹ̀jẹ̀ nínú.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà, eré Ládiípọ̀ ni ó sì là wá lójú sí i. Adélù jọba, a fún un ní ibì kan láti dúró sí. Ẹni tí ó dá Olókùn Ẹṣin dúró kò fún un ní ibi kankan. Ó gba ikú lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ìtìjú sílẹ̀ fún un, ó padà sí ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ọkùnrin náà yóò jí, yóò jáde sí ìgboro, àwọn ọmọdé yóò máa wò ó. Ta ni yóò kí i? Orúkọ wo ni wọn yóò fi pè é? Múránà rí èyí, aláṣẹ kò rí i. A sì béèrè lọ́wọ́ ara wa bóyá àwa oníwàásù, tí a ti gba àṣà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, dúró pẹ́ tó láti wo ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Kí ọdún 1964 tó parí, ẹgbẹ́ náà ti gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin, a sì ti tẹ eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ Beier. Ní 1965 wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi àjọ̀dún àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Ará Berlin kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì jókòó títí ó fi parí. Ládiípọ̀ ṣe eré mìíràn lẹ́yìn èyí, Mọrèmí ní 1966 wà lára wọn, ó sì kú ní oṣù kẹta ọdún 1978.

Nínú ìjọ tí a ń ṣe ìránṣẹ́, gángan mẹ́ta ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga àwọn akọrin, kò sì sí ẹni tí ó ń bínú sí wọn mọ́. Ní Ọjọ́ Àjíǹde tí ó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, a bi ọmọkùnrin tí ń lù wọ́n bóyá ó mọ ẹni tí ń jẹ́ Dúró Ládiípọ̀. Ó ní òun mọ̀ ọ́n: ìyá ìyá òun ní àwo Ọba Kò So, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án.